Àṣìṣe tó ń sọ aláìsàn di arọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ aorta

Lójú ọ̀pọ̀ ẹbí ní Àkúrẹ́, ìròyìn ayọ̀ ni pé bípì wálẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ aorta, òpó iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn gba àyà àti ikùn kọjá, ewu ni. Ara aorta yìí ni àwọn iṣan kéékèèké tó ń bọ́ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti yọ. Bí iṣẹ́ abẹ bá dí díẹ̀ nínú wọn, àfi kí ẹ̀jẹ̀ fi agbára wá ọ̀nà mìíràn débẹ̀, kí ẹsẹ̀ má bàa rọ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ MAP (ìpíndọ́gba bípì) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ sísàlẹ̀ 80, àyàfi bí dókítà bá ní ìdí mìíràn.

Ìjàǹbá tún lè wáyé nídìí rọ́bà tó ń fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Omi yìí àti ẹ̀jẹ̀ jọ ń du àyè kan náà ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń dín in kù. Òdiwọ̀n agbára omi náà sáábà máa ń wà ní 10 mmHg, omi tó ń jáde kì í sì í ju mílílítà 10 sí 15 lọ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè kí Bàbá lè mu ògì, kò dí rọ́bà, kò tún ẹ̀rọ òdiwọ̀n gbé sí ipò tó bá ara rẹ̀ mu. Kí ife tó ṣófo, omi ti ya. Ọpọlọ á sọ̀ kalẹ̀, iṣan tó wà láàárín rẹ̀ àti agbárí lè já, ẹ̀jẹ̀ á wá máa dà sínú orí. Ẹ dí rọ́bà kí ẹ tó gbé bẹ́ẹ̀dì, ẹ tún ipò òdiwọ̀n ṣe, kí ẹ sì rántí ṣí i padà. Bí heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lára aláìsàn, ẹ má fa rọ́bà náà yọ.

Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà béèrè pé, "Ṣé ara ti ń le?" Àgbà Oǹdó wo ni kò ní dáhùn pé "A dúpẹ́", kódà bí ẹsẹ̀ ò bá gbéra? Ẹ ṣí aṣọ ìbora: "Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tòsì." Wákàtí wákàtí ni, títí kan òru, torí ẹsẹ̀ tó gbéra lánàá lè kọ̀ lónìí. Bó bá kọ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà á gbé bípì sókè, á fún un ní atẹ́gùn, á wo rọ́bà, á sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i bí haemoglobin, èròjà tó ń gbé atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, bá ti kéré sí 10 g/dL. Ibí yìí làwọn ọmọ tó sá fún fífi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ti ń dá bàbá wọn lóró.

Tó bá délé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́ ló kù. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì lọ ra kún un ní kẹ́míìsì Ọjà Ọba. Ẹ kó gbogbo páálí rẹ̀ lọ fún dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kó kọ èyí tí Bàbá máa lò àti iye rẹ̀ sílẹ̀.