Bí A Ṣe Fi Ìwé Gbèjà Ilé-ìwé Àdúgbò Wa ní Iléṣà

Ẹnu olùkọ́ kan ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa ní Iléṣà pọ̀ mọ́ òmíràn tó wà ní òdìkejì títì márosẹ̀. Fèrèsé kíláàsì ló ń tì lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́, ojú fèrèsé náà ló sì ń wò, bí ẹni pé èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PTA, síbẹ̀ kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú fáìlì mi tó mẹ́nu ba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bí àwọn òbí ní àdúgbò mìíràn ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bí a ṣe gbé e gbà, mo pinnu láti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, títí kan ibi tí mo ti ṣìṣe.

Ẹni tí kì í ṣe ará Ọ̀ṣun lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àhesọ lásán fi já wa láyà tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìṣèjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó jẹ́ ọmọ Iléṣà fúnra rẹ̀, wọ́n tún àwọn ilé-ìwé ìjọba pín: kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹrin lọ́tọ̀, ìkarùn-ún dé ìkẹsàn-án lọ́tọ̀, ìkẹwàá dé ìkejìlá lọ́tọ̀. Wọ́n pa àwọn ilé-ìwé kan pọ̀, orúkọ àwọn kan sì pòórá. Nígbà tó di ọdún 2020, Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá dá ètò 6-3-3-4 padà (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì), ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sì gba orúkọ àti aṣọ àtijọ́ wọn. N kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe láyé Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni kò dára, nítorí pé àwọn ilé-ìwé ńlá kan tí wọ́n kọ́ nígbà náà wù mí títí di òní. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi pààrọ̀ ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì láì kó kúrò nínú ilé kan náà, owó aṣọ àtijọ́ tí wọ́n ní kó padà máa wọ̀, àpò bàbá rẹ̀ ló sì ti jáde.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ béèrè ìwé. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́, wọ́n ní kò tíì sí ìpinnu kankan, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n wá ka àga wa. Mo wá rí i pé ohun tí kò sí lórí ìwé, kò sí bí ènìyàn ṣe lè takò ó. Bí o bá sọ pé wọ́n fẹ́ kó ilé-ìwé rẹ, wọ́n á ní o ń gbọ́ àhesọ. Mo kọ lẹ́tà kúkúrú kan, mo béèrè ohun mẹ́ta péré: ta ló dá a lábàá, ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, àti kíláàsì mélòó ló ṣófo ní ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ wa lọ.

Kí èsì tó dé, mo lọ wádìí ibi tí agbára wà gan-an. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ìpèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí ló sì ń mú kí àwọn kánsẹ́lọ̀ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ló ni ilé-ìwé. Àmọ́ àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ ló ń gba olùkọ́, tó sì ń gbé wọn láti ibì kan sí ibòmíràn. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi owó tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó rí owó ìrànwọ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà sọ fún mi láì fi bò pé ó sàn kí wọ́n tún ilé-ìwé kan ṣe dáadáa ju kí wọ́n máa lẹ páànù mọ́ orí méjì lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣófo. Òrùlé wa ń jò, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi jà lórí òrùlé. Orí títì ni a lọ. Èmi àti òbí mẹ́ta kó àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní méje, a sì bá wọn rin ọ̀nà náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, láti ẹnu géètì wa dé ẹnu géètì ibẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni ó gbà wá. Létí márosẹ̀, ọkọ̀ tó kó yanrìn àti àwọn ọlọ́kadà kò jẹ́ kí a ráàyè kọjá fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí a sáré kọjá, bàtà ọmọbìnrin kékeré kan bọ́ sílẹ̀ láàárín títì, ó sì já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi láti padà lọ mú un. Mo fà á ní okùn báàgì. Ọkọ̀ gun bàtà náà kọjá lójú wa, ọmọ náà sì sunkún bàtà yẹn títí dé ibi tí a ń lọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé bó ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú aago àti ọjọ́.

Ìpàdé àdúgbò ló nira jù. Bí ìròyìn ti tàn kálẹ̀, kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ní òun yóò bá wa gbé e débi tó yẹ, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kejì náà sì ránṣẹ́ pé àwọn yóò gbé ìbòòrùn àti àga wá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìhà méjèèjì, a sì sọ fún wọn pé inú kíláàsì ni a ó ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má dé fìlà ẹgbẹ́ wá. Orí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé ni gbogbo wa jókòó sí, orúnkún àwọn olóṣèlú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn, n kò sì lè sẹ́ pé ó dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ iye ọmọ tó ní nílé-ìwé náà. Òfin kékeré yìí mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dákẹ́.

Bàbá àgbà kan, tó wà lára àwọn ọmọ tó jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1955, gba àyè láti sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ọmọ níbẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ẹnikẹ́ni kò dúró de ìjọba nígbà náà. Kí ló wá dé tí a kò lè ka ọmọ tiwa kí a sì kọ ọ́ síwèé?"

A kà wọ́n. Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo jẹ́ kí ọmọ ẹ̀yìn kánsẹ́lọ̀ gbé ìwé ìfọwọ́sí kiri wọ́ọ̀dù. Nígbà tó dá a padà, orúkọ kún un bámúbámú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ló kọ ojú ewé méjì gbáko, mo sì rí orúkọ ẹnì kan níbẹ̀ tó ti kó lọ sí Àkúrẹ́. A fà á ya, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: orúkọ òbí, orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, àti ìtẹ̀ka fún ẹni tí kò lè kọ̀wé. Àwọn kan fẹ́ kí n fi kún un pé torí àtikọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fẹ́ kó wa kúrò. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ n kò rí ẹ̀rí, n kò sì kọ ọ́.

Nígbà tí a gbé lẹ́tà lọ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa. Mo ti ń múra àtilọ nígbà tí ìyá aláṣọ kan tó bá mi lọ dì mí lápá mú. "Ọmọ mi, ẹ̀yin akọ̀wé máa ń yára dìde jù." Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà nítorí àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri: òṣómàáló, ẹni tó ń lóṣòó ti onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Òun kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń kí gbogbo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n lu òǹtẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n pe márùn-ún nínú wa. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a béèrè ni a rí gbà: kíláàsì kẹrin dé ìkẹfà kọjá sí òdìkejì, kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta dúró. A tún béèrè ìwé orúkọ ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ìwé, èyí tó yẹ kí aṣojú òbí, olùkọ́ àti àdúgbò máa jókòó nínú rẹ̀. Wọ́n mú un jáde, a sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìyá aláṣọ ló wà ní àyè rẹ̀ báyìí.

Wọ́n ṣèlérí pé wọn yóò gbé bọ́m̀pù sórí títì níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọjá. Títí mo fi ń kọ èyí, wọn kò tíì gbé e. Àwa òbí pín ọjọ́ láàárín ara wa láti máa mú àwọn ọmọ ńlá kọjá, Ọjọ́bọ̀ sì ni tèmi. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa ń débẹ̀, pẹ̀lú àsíá pupa tí mo fi àlòkù aṣọ rán.