Bí ẹ ṣe lè wá ẹgbẹ́ olùṣèwádìí tó bá PhD yín mu ní ilé-ẹ̀kọ́ okòwò Ìlú Ọba

Àwọn yunifásítì Ìlú Ọba máa ń dá ìwé ìwáàyè fún PhD padà fún ẹni tí máàkì rẹ̀ dára gan-an. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé kò sí olùkọ́ tó lè mójú tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tó darí ìwé rẹ̀ sí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ yunifásítì, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ tó ni iṣẹ́ yín.

Ìbéèrè yín ló ń fi ẹgbẹ́ hàn, kì í ṣe àkòrí. Ẹ jẹ́ ká mú àjọ. Alájọ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò lójoojúmọ́, ó ń sàmì sí káàdì wọn, tí oṣù bá sì parí, owó ọjọ́ kan ni tirẹ̀. Tí ẹ bá ń béèrè ìdí tí èèyàn fi ń sanwó kí wọ́n lè bá a tọ́jú owó, ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣúná lẹ ń lọ. Ìṣirò ni wọ́n sábà máa ń fi ṣiṣẹ́, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé níbo lẹ ti máa rí àkọsílẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tó ń dájọ. Tó bá jẹ́ pé bí alájọ ṣe ń kọ ìwé rẹ̀ lẹ fẹ́ mọ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé náà wò, àti ohun tí wọ́n ń gbà bí ẹ̀rí tí káàdì bá sọnù, àwọn onímọ̀ àkáǹtì ló ni yín, ẹ ó sì rí àwọn tó ń fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣiṣẹ́ láàárín wọn. Nínú èésú ẹlẹ́ni méjìlá, ẹnì kan kó tirẹ̀ tán, ó sì dáwọ́ sísan dúró. Ta ló lágbára láti mú un? Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ àti iléeṣẹ́ nìyẹn. Bí káàdì ṣe ń di áàpù jẹ́ ti àwọn onímọ̀ ètò ìsọfúnni orí kọ̀ǹpútà. Owó àjọ tí wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti àwọn tó ń wo ìdásílẹ̀ iṣẹ́. (William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà àwọn èèyàn láti Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa èésú Yorùbá láti 1952, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é rí.)

Lórí ìkànnì, ẹ ó rí dipátímẹ́ǹtì, ẹ ó sì rí sẹ́ńtà. Dipátímẹ́ǹtì ló sábà máa ń gba olùkọ́ síṣẹ́, òun ló sì máa ń gbé ìwé yín yẹ̀ wò. Sẹ́ńtà ń kó àwọn tí iṣẹ́ wọn jọra pọ̀, nígbà míì láti ẹ̀ka méjì: CORMSIS ní Southampton, tó ń fi ìṣirò ran ìpinnu iléeṣẹ́ lọ́wọ́, so ilé-ẹ̀kọ́ okòwò pọ̀ mọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò. Àwọn kan ti pẹ́ nídìí ohun kan ṣoṣo. Láti 1970 ni IRRU ti wà ní Warwick, àjọṣe òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni tirẹ̀. Edinburgh ni wọ́n ń lọ fún ìwádìí nípa ẹni tó lè san gbèsè àti ẹni tí kò lè san. Láti 1989 ni wọ́n ti ń pe àpérò lé e lórí níbẹ̀. CSEAR, tó ń wo bí iléeṣẹ́ ṣe ń jíhìn ohun tó ń ṣe sí àwùjọ àti àyíká, bẹ̀rẹ̀ ní Dundee ní 1991, ó sì kó lọ sí St Andrews lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n orúkọ sẹ́ńtà lè wà lórí ìkànnì nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti kó lọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe sẹminá gbẹ̀yìn. Ẹ ka àkọlé ohun tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ jáde láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn lórí Google Scholar. Ẹ yọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì kúrò, àwọn tí ìkọ́ni nìkan jẹ́ iṣẹ́ wọn, àti olùṣèwádìí tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ò ní pẹ́ parí. Tí kò bá ku èèyàn méjì ó kéré tán, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀: alámòójútó méjì ni wọ́n sábà máa ń yàn, bí ọ̀kan bá sì gba iṣẹ́ síbòmíì, èkejì ló máa gbà yín là.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi REF, ètò tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìwádìí yunifásítì, yan ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ìsọ̀rí 17, tó jẹ́ ti okòwò, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà ni máàkì yẹn wà fún. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹgbẹ́ tiyín. Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni ìwé tí wọ́n ń pè ní REF5b, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Inú rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ṣàlàyé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ètò PhD rẹ̀. Àsìkò tí REF 2021 gbé yẹ̀ wò dúró sí July 31, 2020, nítorí náà ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkànnì tòní kí ẹ rí ẹgbẹ́ tó ti parẹ́.

Olùkọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ ímeèlì sí ní yunifásítì kan. Ẹ má fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni márùn-ún, ara wọn ni wọ́n á máa wò. Ọ̀rọ̀ 200 ti tó: ìbéèrè yín, ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà ṣe é àti ibi tí dátà wà, iṣẹ́ rẹ̀ kan pẹ̀lú ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un tàbí tí ẹ kò fara mọ́ níbẹ̀, àti ibi tí owó yóò ti wá. Ìkíni gígùn àti àdúrà kò pọn dandan. “Dear Dr” àti orúkọ bàbá rẹ̀ ti parí rẹ̀. Ẹ so CV àti àbá ìwádìí olójú ewé méjì mọ́ ọn. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan. Oṣù Keje àti Ìkẹjọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gba ìsinmi. October àti November dára jù, nítorí January ni ọ̀pọ̀ ètò owó ti máa ń pa ilẹ̀kùn dé. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2021/22 ni owó UKRI, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí, ti ṣí fún akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbà á lọ.

Bí olùkọ́ náà bá fèsì pé òun nífẹ̀ẹ́ sí i, ẹ bi í lójú ẹsẹ̀ ta ni alámòójútó kejì yóò jẹ́, kí ẹ sì tún ṣe àyẹ̀wò kan náà fún ẹni yẹn.