Awakọ̀ ni àbí ẹ̀rọ? Àṣìṣe tó ń bí mi nínú

Bí hẹlikọ́pítà bá já níbikíbi láyé, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti dá ẹjọ́ rẹ̀ parí nídìí ìwé ìròyìn ní Lágéré, nílùú Ifẹ̀. Àwọn kan á ní awakọ̀ ló fà á, àwọn kan á ní ẹ̀rọ atọ́nà ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ilẹ̀ wíwọ̀n ni iṣẹ́ mi, mo sì ń fi drone, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, ya àwòrán ilẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra drone máa ń gbé tiwọn wá bá mi bó bá já, irú ẹjọ́ yẹn náà ni wọ́n sì ń dá. Owó tiwọn ló kàn ń ṣòfò sí i.

1. Ẹ má ra ẹ̀yà tuntun láìwo àkọsílẹ̀ inú drone. Ọmọkùnrin kan ra GPS, ẹ̀yà tó ń sọ ibi tí drone wà, mẹ́ta léraléra. Ẹ̀gbẹ́ òrùlé páànù ló ti ń gbé drone gbéra, irin páànù wá ń mú kọ́mpáàsì rẹ̀ ya wèrè. "Ẹ̀gbọ́n, ayédèrú ni wọ́n tà fún mi." Ẹ̀ẹ̀mẹta?

2. Bátìrì: ẹ jẹ́ kó kún. Kò ju ìyẹn lọ.

3. Ẹ má di ẹ̀bi ru òkú nítorí pé kò lè fèsì. Èyí ló ń dùn mí jù. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, ọdún 1994, hẹlikọ́pítà Chinook ZD576 ti ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ lu òkè ní Mull of Kintyre, ní Scotland, nínú kùrukùru. Èèyàn 29 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Kò sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìrántí ẹ̀rọ atọ́nà rẹ̀ ni wọ́n rí tú wò. Òfin wọn nígbà náà ni pé a kì í dá awakọ̀ tó ti kú lẹ́bi àfi bí iyèméjì ò bá sí rárá. Síbẹ̀, ní 1995, àwọn ọ̀gágun méjì ní àìbìkítà awakọ̀ méjèèjì ló fà á. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tó ṣáájú ìjàǹbá yẹn gan-an, àwọn tó ń dán irú Chinook yẹn wò ní Boscombe Down, ibùdó tí wọ́n ti ń dán ọkọ̀ òfurufú ológun wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dáwọ́ fífò ó dúró. Ó di 2011 kí wọ́n tó wọ́gi lé ẹ̀bi náà. Wọn ò sọ pé ẹ̀rọ ló jẹ̀bi o. Ẹ̀rí tí wọ́n fi di ẹ̀bi ru awakọ̀ ni kò tó. Gbólóhùn yẹn ni àwọn ará Lágéré ò fẹ́ gbọ́.

Èyí tó kàn, mi ò mọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́: èmi náà ṣe é. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ri òpó ààlà mẹ́rin sínú oko kòkó bàbá kan lójú ọ̀nà Ẹdẹ. Bàbá ò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo bú GPS, mo bú ẹni tó tà á, mo ti ń tọ́jú owó àtúnṣe. Ọ̀gá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ bọ́tìnì bíi mẹ́ta, ó wá wò mí títí. WGS84, ìlànà ìwọ̀n tí GPS ń lò káàkiri ayé, ni mo gbé e sí, ṣùgbọ́n Minna, ìlànà ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà, ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà inú ìwé ilẹ̀. Lágbègbè wa níbí, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 mítà. Ẹ̀rọ ò ṣìnà. Ṣùgbọ́n kò kìlọ̀ fún mi náà, àmì kékeré kan báyìí ló fi sí kọ̀rọ̀ ojú rẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún bàbá tó mú àdá dání.

Ọmọ tó ra GPS mẹ́ta tún pè mí láàárọ̀ yìí. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ibi tó ti gbé e gbéra. Ó ní orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò.