Bí ẹ ṣe lè pa ààlà láìjà

Ẹ̀yin ará Kétu, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa ààlà ilẹ̀, ẹ má dá a ṣe o, ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ jọ pààlà pẹ̀lú àgbà kan tó mọ ilẹ̀ náà, kẹ́ ẹ jọ rìn ín yí ká. Èyí tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889, ta ni wọ́n bi? Òun ló jẹ́ kí Ìmẹ̀kọ bọ́ sí Nàìjíríà, Kétu sì wà níbí ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwa tá a jẹ́ ọ̀kan náà!

Ẹ gé ọ̀pá pèrègún, ẹ rì í mọ́ igun kọ̀ọ̀kan lásìkò òjò, á hù. Kí jẹ́ọ̀mẹ́tà, ìyẹn awọnlẹ̀, wá ri bọ́ọ̀nù, ìyẹn òpó ààlà, lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ gbàwé ilẹ̀.

Ní ti ààlà àárín èèyàn, ẹnu la fi ń pa á. Tí àbúrò ọkọ bá ń já wọ yàrá yín, ẹ tètè sọ fún un jẹ́jẹ́, ẹ̀yin méjèèjì nìkan: "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kanlẹ̀kùn."