Bí A Ṣe Ń Dá Omi Òjò Dúró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè Kí Ìsun Má Baà Gbẹ

Ní California, yìnyín orí òkè Sierra Nevada ló ń fún wọn ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí wọ́n ń lò. Òjò á ti dá, yìnyín á ṣì máa yọ́. Èkìtì ò ní yìnyín. Láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Òkèmẹ̀sí, inú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè ni omi wa ń sá sí kó tó sun jáde nísàlẹ̀. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú òkè la fi ń dá a dúró.

Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á ní ojú làwọn fi wò ó. Kòtò tó bá dagẹ̀rẹ́ díẹ̀ ti di ojú àgbàrá: omi á sáré lọ sápá kan, á já etí kòtò, á sì gbá ebè ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ. Ó sàn kẹ́ ẹ má wa nǹkan kan.

Irinṣẹ́ tá a fi ń mọ̀ pé ojú kòtò dọ́gba rèé: ẹ gé ọparun méjì tó gùn dọ́gba, bíi mítà 2. Ẹ kàn wọ́n pọ̀ lórí, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn, kẹ́ ẹ fi igi kan dábùú àárín bíi lẹ́tà A. Ìṣó nìkan ò tó, ẹ fi okùn dì í. Ẹ so òkúta mọ́ òwú látòkè, kí òwú náà kọjá lára igi ìdábùú.

Ẹ má tíì gbé e lọ sóko o! Ẹ gbé e dúró lórí ilẹ̀ líle, ẹ sàmì síbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ àti ibi tí òwú ti kan igi. Ẹ wá yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sójú ti òsì, kí ti òsì bọ́ sójú ti ọ̀tún. Ẹ tún sàmì. Agbedeméjì àmì méjèèjì ni ojú ìwọ̀n yín. Àwọn tó ń fo ibi yìí ni kòtò wọn ń já. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí afẹ́fẹ́ tó máa fi òwú ṣeré. Rọ́bà olómi àwọn bíríkìlà náà dára, àmọ́ ó gba ẹni méjì, ẹnì kejì kì í sì í dúró jẹ́ẹ́.

Látòkè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á dúró, ẹ máa sún èkejì títí òwú á fi bọ́ sójú àmì. Ẹ kan èèkàn mọ́bẹ̀, ẹ máa bá a lọ.

Ìyókù ò le. Ẹ wa kòtò tẹ̀lé èèkàn, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ sí etí ìsàlẹ̀, ẹ gbin ọ̀pẹ òyìnbó sórí rẹ̀. Bí kò bá sí, ewé tíì náà á di ilẹ̀ mú. Níbi tí àpáta bá ti yọ, ẹ to òkúta lásán. Ẹ má wa kòtò sókè ilé ẹnikẹ́ni níbi tí òkè bá ti dagẹ̀rẹ́ gan-an, ilẹ̀ lè ya.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ lọ wò ó. Bí omi bá kóra jọ sápá kan, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ dí inú kòtò lábala-ábala, kí omi má lè sáré.