Password tí mi ò mọ̀ jẹ 30,000 náírà mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní mo jèrè. Laptop tí mo rà ní 155,000 náírà lọ́dún 2022, tí mo tà ní 180,000 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, kí ni mo tún ń ráhùn sí? Èrè wo? Nínú 180,000 yẹn, 30,000 ti bá password tí mi ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí lọ, 150,000 tó kù kò sì tó ìdajì owó èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, àlòkù wa ń gbówó lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tá a fẹ́ rà ń sáré jù ú lọ.

HP EliteBook 840 G3 ni, tòkunbọ̀, RAM 8, SSD 256. Òun ni mo fi ń tẹ project fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò dójú tì mí rí. Windows ló lé mi. Microsoft pa Windows 10 tì ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè generation 8, ó kéré tán, lọ́wọ́ i5, ìyẹn processor tó jẹ́ ọpọlọ laptop. Tèmi jẹ́ i5-6300U. 6 tó ṣíwájú nọ́ńbà yẹn ni generation rẹ̀. Àwọn tó ń rajà náà ti mọ̀ ọ́n wò, òun ni wọ́n fi ń já owó wálẹ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 280,000 ni àwọn èèyàn ń kọ sára irú rẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo kọ 250,000. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó pè àfi àwọn tó ń béèrè "last price" láìtíì rí ọjà. Mo bá gbé e lọ sí Computer Village n'Íkẹjà. Kí n tó dé òpópónà Otigba, àwọn ọmọkùnrin ti ń fà mí lápá: "Àǹtí, ẹ fẹ́ tà? Ẹ fẹ́ swap?" Ṣọ́ọ̀bù kan yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní 110,000. Mo jáde, mo wá ta ọgbọ́n kan tí inú mi ṣì ń dùn sí: mo ní kí àbúrò mi wọlé lọ bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ gan-an. 240,000! Àárín méjèèjì ni iye tèmi wà nìyẹn. Mo kọ 215,000.

Ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí yunifásítì pè mí. A pàdé ní ilé oúnjẹ kan l'Ógbà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin tó mọ laptop. Ọ̀rẹ́ náà tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ó fi powercfg /batteryreport wo bátìrì: ó yẹ kó máa gba nǹkan bí 46,000 mWh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, 27,000 péré ló ń gbà. Wọ́n yọ 20,000, a fẹnu kò sí 195,000. Ó wá ní òun fẹ́ fi flash gbé Windows tuntun sí i. Ó pa á, ó tan án, ó tẹ F9 kó lè yan flash náà.

Àpótí kékeré kan yọ lójú rẹ̀: kí á tẹ password BIOS, ìyẹn ètò tó máa ń jí nínú laptop kí Windows tó jí.

"Àǹtí, kí ni password yín?"

Mo tẹ èyí tí mo fi ń wọ Windows. Kò gbà. Mo tẹ ọjọ́ ìbí mi. Kò gbà. Mo tẹ 1234, ojú ti ń tì mí. Ọmọbìnrin náà wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Mo ní mo ní rìsíìtì, mo fà á yọ nínú àpò laptop: bébà POS ọdún 2022 ti funfun báláú, kò ku lẹ́tà kan lára rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n lọ.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi lo laptop yẹn! Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ló tì í pa, ẹni tó tà á fún mi kò ṣí i, èmi náà ò sì rí ìdí tí mo fi máa tẹ F9.

Ẹnjiníà àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ bá kó lè yọ password náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó tú ìdí rẹ̀, ó yọ bátìrì roboto kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù, ó ní ká dúró. A dúró. Ó dá a padà, ó tan án: password. Ó tún yọ ọ́, a tún dúró, mo jẹ gúgúrú tán. Password. Ó gba 5,000 owó títú. Irú HP yìí, inú chip ni password rẹ̀ ń gbé, bátìrì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A ì bá máa yọ ọ́ títí di Kérésìmesì.

Ẹnì kejì ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ohun kan tó dà bí pẹ́ẹ̀gì aṣọ gbá chip náà mú, ó so wáyà rẹ̀ mọ́ laptop tirẹ̀. 25,000. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ wọn ò ní epo, mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Mo tẹ F10 tí wọ́n fi ń wọ BIOS, ó ṣí láìbéèrè ohunkóhun, mo ti fẹ́ pariwo ayọ̀ kí n tó rí i pé serial number ti pòórá nínú BIOS. Kí wọ́n tún fi mí ṣe olè lẹ́ẹ̀kejì? Mo ní kó kọ ọ́ padà, kó bá ti ìdí laptop mu. Ó ń kùn, ó kọ ọ́.

Mo pe ọmọbìnrin náà padà. 180,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbà. Pípa fáìlì rẹ́, ẹ ti mọ ìyẹn. Mo dúró títí owó fi hàn nínú app báǹkì tèmi, mi ò tiẹ̀ wo fóònù rẹ̀. Ká ní mo tẹ F10 kí n tó kọ iye kankan ni, tí mo sì ya fọ́tò rìsíìtì lọ́jọ́ tí mo gbà á, 195,000 ni ì bá wọlé.

840 G5 ni mo rà, generation 8, 340,000. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti tẹ F10. Ọmọ tó ń tà á ní, "Àǹtí, ẹ mọ laptop o!" Orí mi wú. Ilé ni mo dé kí n tó rí i pé ṣájà ẹlẹ́nu ńlá ni wọ́n dì sí i, kò wọ ihò rẹ̀. Ṣájà tèmi tí ì bá bá a mu ti bá ọmọbìnrin yẹn lọ.