Bí pééjì aṣọ òfì mi ṣe jí padà

Pééjì tí mo ti ń ta aṣọ òfì n'Ílọrin dá páropáro, ohun tó tún un ṣe rèé: ọjà ẹlòmíì ni mo ń gbé sórí státọ́ọ̀sì báyìí, àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada l'Ókèlele, ẹni tó ń rán fìlà, ìyá oníwàrà, mo dẹ̀ ń sọ nǹkan tójú mi rí gan-an, pé wàrà ẹ̀ ò kan, kì í fọ́ nínú epo. "Ọjà yìí dáa" lásán ò ṣiṣẹ́ jàre. Ẹ táàgì wọn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbàyè kẹ́ ẹ tó fi nọ́ḿbà wọn síbẹ̀ o. Èyí tí mi ò rà rí, mi ò kí ń gbé e, tó bá bàjẹ́ èmi ni wọ́n máa bú. Oní-fìlà yẹn ti wá dọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá ní kí fìlà òun báṣọ mu, ọ̀dọ̀ mi ló ń darí ẹ̀ sí.